Ta Ló Máa Mu Ún?

Bí o bá fẹ́ ra mílíìkì sóyà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, kọ́kọ́ wá ìdáhùn sẹ́nu kó o tó kan ilẹ̀kùn. Kò ní bi ọ́ pé mélòó lo fẹ́. Kò ní bi ọ́ bóyá o mú ike dání. Ohun tó máa bi ọ́ ni pé, "Ta ló máa mu ún?" Bí ìdáhùn rẹ kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọwọ́ òfìfo lo máa gbé padà sílé. Onílé wa gan-an ti gbé ọwọ́ òfìfo padà rí, tòun ti ikùn ńlá rẹ̀.

Àwọn èèyàn àdúgbò ti sọ ìbéèrè náà di orúkọ. Màmá Ta-ló-máa-mu-ún ni wọ́n ń pè é, lójú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Awakọ̀ kan tó fẹ́ràn àwàdà dá a lóhùn lọ́jọ́ kan pé ajá òun ló máa mu ún. Ó wo awakọ̀ náà títí, ó ní, ọmọ ọdún mélòó ni ajá ọ̀hún? Gbogbo wa rẹ́rìn-ín débi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró de ìdáhùn.

Èmi ni aránṣọ tó wà ní yàrá kejì. Ògiri kan ló pín ṣọ́ọ̀bù mi àti ilé ìdáná rẹ̀ níyà, ògiri náà kò sì nípọn. Bí ó bá húkọ́, èmi ni mo máa ń sọ pé pẹ̀lẹ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé agídí ló ń ṣe é, tàbí pé orí rẹ̀ ti fẹ́ dàrú, ní kó wá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Inú máa ń bí mi sí àwọn tó ń fi ẹnu wọn ro ẹjọ́ tí wọn kò gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ní ti iṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Á ti rẹ ẹ̀wà sóyà sómi kó tó sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á fọwọ́ bó èèpo rẹ̀, á ṣan án títí omi á fi mọ́ gaara, á lọ̀ ọ́, á dà á sínú aṣọ funfun, á sì fún un. Ohun tó bá jáde nínú aṣọ yẹn funfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì di ohun mímu. Ẹni tó bá mu ún ní tútù, inú rẹ̀ á dàrú, á bì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì ní kúrò lọ́nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jiná dáadáa.

Ibẹ̀ sì ni ẹ̀tàn wà. Bí iná bá ti mú ìkòkò náà díẹ̀, ìfófó á ru sókè bíi pé ó fẹ́ sá kúrò nílé. Ẹni tí kò mọ̀ á sọ pé ó ti hó, á sáré sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Irọ́ gbuu ni. Abẹ́ ìfófó yẹn kò tíì gbóná tó ohun tó lè pa oró ẹ̀wà tútù. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi á dín iná kù, á máa rò ó jẹ́jẹ́, á dúró títí ìfófó á fi lọ sílẹ̀, tí mílíìkì gan-an á wá máa hó láti ìsàlẹ̀, tí òórùn ẹ̀wà tútù á sì kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn ìyẹn, á tún fi sílẹ̀ lórí iná fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló fi ń sìn wọ́n jáde: ìfófó máa ń parọ́.

Nǹkan méjì ló wà nílé ìdáná yẹn tí àlejò máa ń béèrè. Èkíní, kò sí ọmọrí kankan níbẹ̀, ìkòkò ńlá ò ní, ìkòkò kékeré ò ní. Èkejì ni kọ́ọ̀bù tánńganran kékeré kan tí etí rẹ̀ ti ṣá, tó máa ń wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Láàárọ̀, kó tó dáná rárá, á fọ kọ́ọ̀bù náà, á dojú rẹ̀ délẹ̀ kó gbẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó ń fi í mu nǹkan.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Àbúrò ni mo ń pè é, torí mo ṣáájú rẹ̀ délé ayé. Ilé ìfọṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì, ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nígbà tó bí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ó kó àìsàn, ọmú rẹ̀ sì gbẹ. Wọ́n gbé mílíìkì inú agolo fún ọmọ, ara ọmọ sú wìnnìwìnnì, ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Nọ́ọ̀sì tó wò ó sọ pé ara àwọn ọmọ kan kì í gba mílíìkì màlúù, pé mílíìkì tí wọ́n dìídì ṣe fún irú wọn wà, kí wọ́n gbé e padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n lè fún wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu. Ó ní a kì í wà lódò kí ọṣẹ hó mọ́ni lójú. Ta ló ń se mílíìkì ládùúgbò bí kò ṣe òun?

Ó rò ó dáadáa o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò bìkítà. Ó ní sóyà lè mú kí inú ọmọ jòjòló wú, pé ìrẹsì ló fúyẹ́ jù. Ó se ìrẹsì kó rọ̀, ó lọ̀ ọ́, ó sẹ́ ẹ títí kò fi sí èérún kankan nínú rẹ̀, ó sì fi ṣúgà bín-ín-tín sí i. Ó funfun ju ti màlúù lọ. Ara ọmọ tó sú gbẹ. Inú rẹ̀ dúró. Ọmọ sùn, àwa náà sì sùn.

Kò pẹ́ rárá tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ la wá ń pè é. Àwọn oníbàárà mi á na ọwọ́ gba ojú fèrèsé láti fọwọ́ kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n á ní irú mílíìkì wo ni màmá àgbà yìí ń fún ọmọ? Mo tú apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, mo tún tú u, aṣọ ń há, inú wa ń dùn. Nígbà tó ti lè jókòó, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè. Á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá kọ́ọ̀bù tánńganran yẹn mọ́ tábìlì: pá-pá, pà. Ìyá rẹ̀ àgbà ò ní yíjú kúrò nídìí iná, á kàn máa dá a lóhùn pé, "Mo ń bọ̀, Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́. Ó ku díẹ̀ kó jiná." Láràárọ̀ ni mò ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri, àwọn méjèèjì, bí orin.

Nígbà tó yá, pá-pá náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ọmọ náà di ọmọ jẹ́jẹ́, kì í sunkún, kì í jà, á kàn jókòó máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. A yìn ín fún ìyẹn náà. Irun rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó pọ́n díẹ̀, a ní ó jọ ti bàbá bàbá rẹ̀. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ sọ pé ẹsẹ̀ ọmọ ń dán jù. Ìyá rẹ̀ ní òróró tí wọ́n fi pa á lára ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí àbúrò mi ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọmọ. Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ojú ibi tó tẹ̀ kò dìde. Ó jìn sílẹ̀ síbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ ìyẹ̀fun pípò. Ó tẹ ẹsẹ̀ kejì, bákan náà ni. N kò gbọ́ igbe. Mo kàn gbọ́ ilẹ̀kùn tó ṣí, tí wọn kò tì padà.

Dókítà tó gbà wọ́n kì í ṣe ẹni tó ń pariwo mọ́ èèyàn. Ó ṣàlàyé fún wọn bí ẹni ń tọrọ gáfárà. "Omi lẹ rí lára ọmọ yìí, kì í ṣe ẹran ara," ló sọ. "Ohun tí ẹ fún un mọ́ tónítóní, ó sì jiná, àmọ́ kò sí ohun tí ọmọ fi ń kọ́ ara nínú rẹ̀. Ó ń yó, ebi sì ń pa á." Wọ́n ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Ikọ́ kékeré kan tí ọmọ mìíràn ì bá gbọ̀n dànù ló wọlé dé bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì sí agbára kankan nílé láti fi lé e jáde. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ kú.

Àbúrò mi ò bá ìyá rẹ̀ jà. Ì bá sàn kó jà. Ó wá kó ẹrù ọmọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó wo ìkòkò tó wà lórí iná, ó ní, "Màámi, ẹ̀yin lẹ sọ pé ìfófó máa ń parọ́." Ó bá tirẹ̀ lọ. Òun àti ọkọ rẹ̀ kó lọ sí apá ibòmíràn nínú ìlú. Láti ọjọ́ náà, ìkíni orí fóònù nìkan ló kù láàárín ìyá àti ọmọ: ẹ kú àárọ̀, ṣé dáadáa ni, ó dàárọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa ẹ̀gbọ́n ìyá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń rìn. Ohun tó mọ̀ jù láyé ni pé kéèyàn má ṣe gba ohun tó ru sókè gbọ́, kó wo abẹ́ rẹ̀ ná. Ó mọ̀ ọ́n nínú ìkòkò. Kò mọ̀ ọ́n lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tó padà sídìí iṣẹ́, mo ń ran kọ́là ẹ̀wù kan nígbà tí mo gbọ́ ọ: pá-pá, pà. Ọwọ́ mi dúró lórí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà mo ronú pé ooru ló ń gbé ọmọrí ìkòkò, tó sì ń jù ú sílẹ̀. Òun náà rò bẹ́ẹ̀, torí mo gbọ́ tó gbé ọmọrí náà jáde tó sì sọ ọ́ sínú àgbá ìdọ̀tí lẹ́yìnkùlé. Ó padà wọlé, ó kó gbogbo ọmọrí yòókù, ó dà wọ́n nù pẹ̀lú. Lọ́jọ́ kejì, kò sí ọmọrí nílé ìdáná yẹn mọ́. A sì tún gbọ́ ọ.

Mo mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́nu yín. Eku ni. Páìpù ni. Èmi náà ti sọ gbogbo rẹ̀, èmi tí n kì í gba àlá gbọ́. Mo pe púlọ́ńbà, ó tú páìpù palẹ̀, ó tò ó padà, ó ní kò sí nǹkan kan. Ó tiẹ̀ ra mílíìkì lọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti bi í léèrè ta ló máa mu ún. Ohun tí mo lè sọ ni pé bí mílíìkì bá ti ń ru lórí iná láàárọ̀, tí òórùn rẹ̀ sì gba ihò fèrèsé wọlé sọ́dọ̀ mi, màá dá ẹ̀rọ mi dúró kí ariwo rẹ̀ má bàa bo pá-pá náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ń dúró dè é. Ní ìhà kejì ògiri, màá gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi mí sínú bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Kì í sọ ọ́. Láti ìgbà tí ọmọ ti kú, kò tíì dá ohùn náà lóhùn rí nígbà yẹn.

Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn, ó ní kó kọ́ òun. Ohun tó kọ́ níbẹ̀ ló ń fi bá gbogbo ayé jà títí dòní. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ọmú ni, tàbí mílíìkì tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọwọ́; bí ti màlúù bá ń bá a jà, nọ́ọ̀sì ló mọ èyí tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀, kì í ṣe ìyá àgbà. Bí ọmọ bá ti kúrò ní ọmọ ọwọ́, sóyà tí wọ́n fi èròjà tó ń mú eegun le sí lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ rẹ̀, bí ẹyin àti ẹja bá wà nínú àwo. Ó ní láàárín gbogbo mílíìkì tí kò ti ara ẹran wá, sóyà ló sún mọ́ ti màlúù jù, pé ti ìrẹsì kò ju omi aládùn lọ, pé ká má ṣe fi àwọ̀ mọ mílíìkì. Àgbàlagbà lè mu èyí tó bá wù ú. Ìkòkò ìrẹsì ò gorí iná rẹ̀ mọ́.

Ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di bàbá wá rà á, ó ní òun fúnra òun lòun máa mu ún. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rí orí fídà ọmọ ọwọ́ tó yọ nínú àpò rẹ̀. Kò bá a jiyàn. Ó pa iná, ó di ọkùnrin gìrìwò náà lọ́wọ́ mú bí ẹni mú ọmọ ilé ìwé, tòun ti épírọ́ọ̀nù lára, ó fà á dé ilé ìwòsàn, ó jókòó tì í títí nọ́ọ̀sì fi dá a lóhùn. Odindi ìkòkò mílíìkì bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní wèrè ni. Ọkùnrin náà ṣì máa ń yà kí i.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo lọ yá àlùmọ́gàjí lọ́dọ̀ rẹ̀ láti fi gé nǹkan, torí tèmi ti kú. Ó dojú kọ ìkòkò. Ẹnìkan wọlé lẹ́yìn wa, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò yíjú, ó bi í bó ṣe máa ń bi gbogbo èèyàn.

"Ta ló máa mu ún?"

"Ọmọ mi ni," ni àbúrò mi dáhùn.

Ó di ọmọkùnrin kan lọ́wọ́ mú, ọmọ tó ti kọjá ọdún méjì, eékún rẹ̀ bó, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹ̀ga. A mọ̀ pé ó bí i. Àwòrán rẹ̀ la máa ń rí lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó kó ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ní òun ò lè tà á fún un. Àbúrò mi ṣàlàyé pé ọmú lòun fún èyí títí tó fi tó já a lẹ́nu ọmú, pé mílíìkì màlúù ò bá ara èyí náà mu, pé ó ń jẹ ẹyin, ó ń jẹ ẹja, kò sí ohun tí kì í jẹ, pé nọ́ọ̀sì ti ní kó máa mu sóyà. Ó yọ ike èròjà eegun tí wọ́n fún un nílé ìwòsàn, ó gbé e sórí tábìlì. Ìyá rẹ̀ mi orí. Ó ní kó lọ ra èyí tó wà nínú páálí.

"Kì í ṣe mílíìkì ni mo wá rà," àbúrò mi sọ. "Mo ti bínú títí ó ti sú mi. Ọmọ yìí ń bi mí pé ìyá àgbà òun dà. Kí ni kí n sọ fún un?"

"Sọ fún un pé mo ti kú."

"Ẹ ò tíì kú. Ẹ fún un ní nǹkan mu. Bí mo bá tún gbé e jáde báyìí, mi ò ní gbé e padà wá mọ́, mo mọ ara mi."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tún yíjú sí ìkòkò, torí ibẹ̀ nìkan ló mọ ohun tó lè fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ìfófó ń ru bọ̀ lẹ́nu ìkòkò. Àbúrò mi na ọwọ́ sí ike rẹ̀ láti gbé e padà sínú báàgì, omijé ti ń já bọ́ lójú rẹ̀. Nínú gbogbo èyí, kò sẹ́ni tó ń wo ọmọ. Ó ti gun àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Ó rí kọ́ọ̀bù tánńganran, ó sì ṣe ohun tí ọmọdé máa ń fi kọ́ọ̀bù ṣe.

Pá-pá, pà.

Irun orí mi dìde. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò yíjú. Ó ti mọ́ ọn lára, láràárọ̀ ló ń gbọ́ ọ lásìkò tí ìfófó bá ń ru, kò sì sí ìdí tó fi máa rò pé ẹlòmíràn ni. Ó mí sínú bó ṣe máa ń ṣe. Bóyá torí pé ó mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ń lọ, tí kò sì sí ohun tó tún kù láti bẹ̀rù, n kò mọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó sọ ọ́ síta.

"Mo ń bọ̀, Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́," ló wí jẹ́jẹ́. "Ó ku díẹ̀ kó jiná."

Àbúrò mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà gbé kọ́ọ̀bù sókè, kò fẹ́ kí wọ́n ṣì í pè.

"Èmi ni," ló sọ. "Èmi ni, Màmá."

Ìgbà yẹn ló yíjú. Ó wo ọmọ, ó wo kọ́ọ̀bù, ó wo ọmọ rẹ̀ nílẹ̀. Mo rò pé ó máa ṣubú, mo sún mọ́ ọn. Ó na ọwọ́ dá mi dúró. Ó padà sídìí ìkòkò, ó dín iná kù, ó rò ó títí ìfófó fi lọ sílẹ̀, ó dúró kí ó hó láti ìsàlẹ̀, ó sì tún fi sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Ọmọ náà ń bi wá ṣáá bóyá ó ti jiná. Nígbà tó bù ú tó sì ti tutù tó mímu, àbúrò mi da èròjà náà sí i. Ìyá rẹ̀ ò tíì gbé e fún ọmọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó sì ń wò ó. Ẹran ara dìde padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó tẹ ẹsẹ̀ kejì. Ọmọ náà rò pé eré ni, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi kọ́ọ̀bù lé e lọ́wọ́, ó sì bú sẹ́kún bí n kò ṣe rí i kó sunkún rí, kódà lọ́jọ́ ìsìnkú.

Àbúrò mi máa ń gbé ọmọ náà wá báyìí bó bá ń lọ síbi iṣẹ́. Láràárọ̀ ni ìyá rẹ̀ àgbà ń bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó fún un ní nǹkan mu, ọmọ náà ti rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ṣe ń mu mílíìkì. Màá gbọ́ kọ́ọ̀bù láti ẹ̀yìn ògiri, pá-pá, pà, màá sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ kì í lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Sunday, kì í sì gbé e wá. Èmi máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Mo ṣì ń gbọ́ kọ́ọ̀bù náà bí mílíìkì bá ti ń ru. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi náà ń gbọ́ ọ. Ó máa ń dá a lóhùn báyìí.